Níbo Ni Òǹkọ̀wé Yìí Jókòó Sí? Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Tú Àṣírí Àkáǹtì Tó Ń Parọ́ Ibùgbé, 2009–2025

Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, lẹ́yìn ìbò ààrẹ ní ilẹ̀ Íránì, àwọn ènìyàn tú sí ìgboro Tehran láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn kan nínú wọn sì ń fi Twitter ròyìn ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba lè máa wá àwọn tó ń kọ̀wé náà kiri. Nígbà náà ni ìmọ̀ràn kan ràn káàkiri: kí ẹni tó bá fẹ́ ran àwọn ará Íránì lọ́wọ́ yí ibùgbé tó kọ sí ojú ewé àkáǹtì rẹ̀ padà sí Tehran, kí ó sì yí aago rẹ̀ sí aago Tehran. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó bá ń wá ará Tehran lórí Twitter yóò bá àwọn tí kò tẹ ilẹ̀ Tehran rí pàdé.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2016, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà, bí ẹni pé ọ̀daràn nìkan ní í parọ́ ibi tó wà. Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá náà ń parọ́ ibi tó wà, àwọn tó fẹ́ gbà á là sì ń bá a pa á. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń tọpa ni bí àwọn tó ń wá òtítọ́ ṣe ń rí i láàárín ọdún 2009 sí 2025, àti irú ẹ̀rí tí èdè jẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Ó kan ẹ̀ka wa gan-an. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ láti dá ibi tí òǹkọ̀wé ti wá mọ̀, onímọ̀ èdè ni wọ́n ń pè kí ó wá fi àmì sí ara ọ̀rọ̀: èyí jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀, èyí jẹ́ ti àlejò. Èrò tèmi ni pé èdè lè jẹ́rìí sí ibi tí ẹnu ti kọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí sí ibi tí ìdí jókòó sí lónìí. Àwọn tó rí òpùrọ́ mú nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹlẹ́rìí méjì tí kò mọ ara wọn ni wọ́n pè, tí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba.

Ọgbọ́n fífi ẹnu mọ ènìyàn ti wà ṣáájú ayélujára. Ìtàn inú ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 12, kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Àwọn ará Gílíádì dúró sí ibi tí wọ́n ti ń la odò Jọ́dánì kọjá, wọ́n ń mú àwọn ará Éfúráímù tó ń sá bọ̀ láti ojú ogun. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe ará Éfúráímù, wọ́n á ní kó pe “Ṣíbólẹ́tì”. Bó bá pè é ní “Síbólẹ́tì”, ó parí fún un. 42,000 ènìyàn ni ìwé náà sọ pé ó ṣubú nígbà náà. Ìtàn yìí dùn ún fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín ìró méjì fún ọmọ ọdún kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n a kì í sábà bi í léèrè bóyá ìdánwò náà dára. Ẹ fi ọmọ Ìbàdàn kan sí etí odò yẹn, irú èyí tí “ṣ” kì í jáde lẹ́nu rẹ̀, tí “iṣu” ń di “isu”. Ìbá kú síbẹ̀ láìmọ ẹni tó ń jẹ́ Éfúráímù. Ìdánwò àwọn ará Gílíádì kò mọ ju ẹnu lọ, kò sì bi ẹlẹ́rìí kejì.

Nígbà tí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ dé, àyè kékeré kan wà ní ojú ewé oníkálukú tí wọ́n ti ní kó kọ ibi tó ń gbé. Kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2011, Brent Hecht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ sí àyè yìí lórí Twitter, wọ́n sì rí i pé ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò kọ ibi kankan tó jẹ́ òtítọ́. Àwọn kan fi í sílẹ̀ lófo, àwọn mìíràn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan kọ ọ́ pé inú ọkàn olórin Justin Bieber ni àwọn ń gbé, èyí ni àwọn olùwádìí náà sì fi ṣe àkọlé ìwé wọn. Ìwádìí kan náà fi hàn pé ẹni tí kò kọ ibi tó wà ṣì ń sọ ọ́ láìmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó ń kọ lójoojúmọ́. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, Cheng, Caverlee àti Lee ti fi ọ̀rọ̀ inú tweet nìkan wá ìlú tí àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà ń gbé. Wọ́n sún mọ́ ọn tó ọgọ́rùn-ún máìlì fún ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ẹni tó bá ń kọ “yinz” fún “ẹ̀yin”, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ará Pittsburgh. Èyí ni iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀ka-èdè tí ẹ̀rọ wá gbà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí wọ̀nyí kò ní ẹni tí wọ́n fẹ́ tàn. Wọn kò kàn kọ àdírẹ́sì wọn ni. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ tan ni jẹ yàtọ̀ sí wọn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 2011 náà. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Amina bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé lórí ìkànnì kan tó ń jẹ́ A Gay Girl in Damascus. Ó ní ọmọ Síríà ni òun, pé Damásíkù ni òun ń gbé, pé obìnrin ẹgbẹ́ òun ni òun fẹ́ràn, pé òun sì wà lára àwọn tó ń ta ko ìjọba. Àwọn ilé ìròyìn ńlá fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ẹni tó ní ìbátan rẹ̀ ni òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọkùnrin tó gbébọn ti jí i gbé. Ariwo ta káàkiri ayé pé kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè wò níbí ni pé Gẹ̀ẹ́sì Amina jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ará Amẹ́ríkà pọ́ńbélé, èyí kò sì kọ ẹnikẹ́ni lóminú, nítorí pé ó ti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀ pé ará Amẹ́ríkà ni ìyá òun, pé ní ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n bí òun sí. Òpùrọ́ náà mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, ó sì gé irọ́ rẹ̀ bá ẹnu rẹ̀ mu. Bí ìdánwò Ṣíbólẹ́tì nìkan ló wà, ìbá la odò kọjá. Fọ́tò ló kọ́kọ́ tú u: obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí àwòrán ara rẹ̀ nínú ìròyìn pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni Andy Carvin ti ilé iṣẹ́ rédíò NPR àti àwọn akọ̀ròyìn Electronic Intifada bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn: ta ló ti fojú kan Amina rí? Kò sí ẹnì kan. Àdírẹ́sì ilé kan tí Amina ti lò rí já sí ilé ọmọ Amẹ́ríkà kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ẹ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé, kò sì tọ́ka sí Síríà. Edinburgh ní Skọ́tílándì ló tọ́ka sí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà, Tom MacMaster, ọmọ Amẹ́ríkà ẹni ogójì ọdún tó ń kàwé ní yunifásítì Edinburgh, jẹ́wọ́ pé òun ni Amina. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: olóòtú ìkànnì mìíràn tó ti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa IP Edinburgh yẹn, tó ń pe ara rẹ̀ ní obìnrin, ó hàn lọ́jọ́ kejì pé ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ìpínlẹ̀ Ohio ni.

MacMaster dá nìkan ṣe é. Ní St. Petersburg, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ oṣù. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Internet Research Agency wà ní ilé kárùndínlọ́gọ́ta ní òpópónà Savushkina. Yevgeny Prigozhin ló ń náwó sí i. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Lyudmila Savchuk wọlé síbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ kó lè tú àṣírí wọn, nígbà tó jáde ó pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n san owó ìtanràn fún un ní ọdún 2015: rúbù kan ṣoṣo. Ní ọdún yẹn náà ni Adrian Chen kọ ìròyìn gígùn nípa ilé iṣẹ́ náà sínú ìwé ìròyìn New York Times. Nínú rẹ̀ ni ó ti tọpa irọ́ kan tó tàn kálẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, pé ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan bú gbàù ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Kò sí ohun tó bú. Àkáǹtì tó ń pariwo pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ní àdúgbò ilé iṣẹ́ náà kò gbọ́ ìró kankan.

Ẹ̀sùn tí Robert Mueller fi kan ènìyàn 13 àti ilé iṣẹ́ mẹ́ta ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì ọdún 2018 sọ bí wọ́n ṣe ń fi ara pamọ́, ó sì dára kí a wò ó dáadáa, nítorí pé àmì kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń wá wọn lè gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n ti ronú sí i. Nítorí IP, wọ́n ra àyè lórí kọ̀ǹpútà tó wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń gba inú VPN kọjá. Nítorí aago, wọ́n pín òṣìṣẹ́ sí ti ọ̀sán àti ti òru, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ̀wé ní àsìkò tí ará Amẹ́ríkà ń jí. Wọ́n tilẹ̀ ń pín ìwé tí wọ́n to ọjọ́ ìsinmi Amẹ́ríkà sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé. Àkáǹtì kan, TEN_GOP, ní ti ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni òun, ó sì ní ọmọlẹ́yìn tó lé ní 100,000. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi ẹjọ́ sun Twitter lọ́pọ̀ ìgbà. Oṣù mẹ́jọ ọdún 2017 ni wọ́n tó tì í. Owó ló kọ̀ láti parọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń parọ́. Nígbà tí àwọn aṣòfin àgbà pe Facebook, Google àti Twitter jókòó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2017, ìbéèrè tí Al Franken tẹ̀ mọ́ agbẹjọ́rò Facebook létí ni pé báwo ni wọn kò ṣe fura nígbà tí wọ́n ń gba rúbù fún ìpolówó ọ̀rọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Twitter tú ọ̀rọ̀ àkáǹtì 3,841 tó so mọ́ ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ èdè ti rí iṣẹ́ ńlá. Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wá ni “the” àti “a”. Èdè Rọ́ṣíà kò ní irú ọ̀rọ̀ kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi síwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí náà ará Rọ́ṣíà tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fò ó, tàbí kó fi síbi tí kò yẹ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ èyí di ìdánwò, ta ni yóò mú? Yorùbá kò ní “the”. “Náà” àti “kan” wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò bá ti “the” àti “a” dọ́gba, a sì lè sọ pé “ajá gbó” láìfi ohunkóhun kún un. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè fo “the” níbi tí ará Rọ́ṣíà ti fò ó. Àìsí àmì kan nínú èdè ìyá kò ní orílẹ̀-èdè; èdè púpọ̀ ní ayé ni kò ní in. Ẹ̀rọ tí a bá fi èyí nìkan kọ́, yóò máa kó ọmọ Kétu tàbí ará Ìlú Èkó sí àtìmọ́lé St. Petersburg.

Ní Veles, ìlú kékeré kan ní Makedóníà, àwọn ọ̀dọ́ ṣí ìkànnì ìròyìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2016, gbogbo rẹ̀ ń ṣe bí ti ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe alátìlẹ́yìn Donald Trump. Kò sí ìjọba tó rán wọn. Owó ìpolówó ni wọ́n ń wá, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbé jáde ni wọ́n sì dà kọ láti ọ̀dọ̀ ará Amẹ́ríkà gan-an. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ jíjí ni, àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì wo ni ẹnì kan fẹ́ wá níbẹ̀?

Nígbà tó di ọdún 2020, ọ̀rọ̀ náà dé àgbègbè wa. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, Facebook kéde pé òun ti pa àkáǹtì 49, ojú ewé 69, àti àkáǹtì Instagram 85 rẹ́. Twitter pa 71. Ìwádìí tí CNN àti Darren Linvill pẹ̀lú Patrick Warren ti yunifásítì Clemson ṣe fi hàn pé ilé kan nítòsí Àkrá, ní Gánà, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Àjọ kan tó ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni òun ń jà fún ló gba àwọn ọ̀dọ́ síbẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní fóònù. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ̀wé bí aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, lórí ìyà tí ọlọ́pàá fi ń jẹ dúdú. Facebook ní àwọn ọmọ Gánà àti Nàìjíríà ló ń ṣe é fún àwọn kan ní Rọ́ṣíà. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ pé àwọn kò mọ ẹni tí àwọn ń ṣiṣẹ́ fún.

Gbogbo ọ̀nà àtijọ́ ló dàrú níbí. Ẹni tó bá ń wá àṣìṣe ará Rọ́ṣíà nínú ọ̀rọ̀ wọn kò ní rí i, nítorí pé ará Rọ́ṣíà kò kọ ọ́. Ẹni tó bá wo IP, Gánà ni yóò rí, yóò sì rò pé òun ti rí òpin ọ̀rọ̀. Irọ́ ibùgbé ti di ìpele mẹ́ta: Amẹ́ríkà lójú, Gánà lọ́wọ́, Rọ́ṣíà lápò. Àwọn olùwádìí Graphika pe ìjábọ̀ wọn ní Double Deceit, ìyẹn ìtànjẹ alápá méjì. Lójú tèmi, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rán níṣẹ́ ni ìtànjẹ kejì yẹn dùn jù. Èdè lè tọ́ka sí Gánà dáadáa, nítorí Gẹ̀ẹ́sì Àkrá ní òórùn tirẹ̀ tí ará Atlanta yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ èdè bá dúró síbẹ̀, ọmọ Gánà tí wọ́n tàn ni yóò fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ẹni tó rán an níṣẹ́ yóò sì wà nílé.

Láti ọdún 2018 ni Facebook ti ń fi orílẹ̀-èdè tí àwọn tó ń ṣàkóso ojú ewé ńlá wà hàn. X, tó jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, ṣe tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Wọ́n fi ibì kan sí ojú ewé àkáǹtì, About this account, tó ń sọ orílẹ̀-èdè tí àkáǹtì náà wà àti ilé ìtajà áàpù orílẹ̀-èdè tó ti gba áàpù náà. Láàárín wákàtí mélòó kan, ayé dàrú. Àkáǹtì MAGANationX, tó ní ọmọlẹ́yìn tó tó 390,000, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí akíkanjú ọmọ Amẹ́ríkà, ìlà oòrùn Yúróòpù ni ẹ̀rọ sọ pé ó wà. Àwọn mìíràn já sí Bangladesh, àwọn mìíràn sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá mọ̀ pé X ń san owó fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá ń fa èrò, kò ní pẹ́ rí ìdí rẹ̀. Veles ló tún padà wá.

Àmọ́ àmì náà ṣi àwọn ènìyàn mú pẹ̀lú. VPN máa ń yí i padà, íntánẹ́ẹ̀tì Starlink náà sì máa ń dà á rú. X fúnra rẹ̀ gbà pé kò péye tán, ó sì yọ apá tó ń sọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì kúrò fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ ni ẹ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé. Ẹni tó ń lo síìmù Nàìjíríà ní Benin, tí kò yọ ọ́ nínú fóònù rẹ̀, ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ni íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sábà máa ń gbà kọjá, IP Nàìjíríà ni yóò sì hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà Kétu ni ó dúró sí. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti Kétu, ẹ̀nu àti ilẹ̀ ti pínyà tipẹ́. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1889 la ilẹ̀ ọba Kétu sí méjì: Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìró ẹnu kò mọ ààlà yẹn. Àkọtọ́ ló mọ̀ ọ́n díẹ̀. Láti ọdún 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì èdè ilẹ̀ rẹ̀, nínú èyí tí “ɛ” àti “ɔ” wà dípò “ẹ” àti “ọ”, “sh” dípò “ṣ”, “kp” dípò “p”. Ẹni tó kọ́ ìwé Yorùbá ní ibí lè kọ “kpɛ̀lú” níbi tí ará Abẹ́òkúta yóò ti kọ “pẹ̀lú”. Lórí fóònù, tí àmì ń bọ́ sílẹ̀, ó lè di “kpelu”. Ẹ̀rí tó lágbára ni, ó lágbára ju “sh” lọ dáadáa, nítorí pé ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orúkọ rẹ̀ ní “Shola” pọ̀ lọ súà. Síbẹ̀, “kpelu” kò sọ ju ibi tí wọ́n ti kọ́ ẹni náà ní ìwé lọ. Olùkọ́ tó kúrò ní Kétu lọ sí Èkó ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ṣì máa kọ “kp”, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òpùrọ́ nígbà tó bá kọ Èkó sí ojú ewé àkáǹtì rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àkójọ ọ̀rọ̀ ayélujára wá fún ẹ̀ka wa láti fi àmì sí, mo dámọ̀ràn pé kí a má ṣe gba àyè kan ṣoṣo tí wọ́n kọ “ibùgbé” sí. Kí àyè mẹ́ta wà: ibi tí òǹkọ̀wé sọ pé òun wà, ibi tí ẹ̀rọ sọ pé ó wà, àti ibi tí àkọtọ́ àti gírámà rẹ̀ ti wá. Ẹni tó ń kún ẹ̀kẹta kò gbọdọ̀ rí ohun tó wà nínú méjì àkọ́kọ́ kó tó kọ tirẹ̀. Níbi tí a kò bá ti rí àmì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, kí àyè náà wà lófo.